Ẹni Tó Jókòó Sáyè Matthew

Ọdún kẹrin rèé tí Matthew ti jáde ní Poli, Ọ̀kà ló ṣì wà, nínú yàrá ìyá rẹ̀. Ilé iṣẹ́ bulọ́ọ̀kù tó gbà á fún oṣù mẹ́fà ti kógbá wọlé. Ìyá rẹ̀, Theresa, ló ń bọ́ ọ. Láàárọ̀ kùtù ni obìnrin yìí ń wọkọ̀ lọ sí Ìkàrẹ́. Ó ní ata ni òun ń tà lọ́jà níbẹ̀. Tó bá dalẹ́, á dé, ata kan kì í kù sílẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ á sì máa ta á bí ẹni pé iná jó o.

"Màmá, ẹ jẹ́ kí n máa bá yín ru ẹrù."

"Ṣé torí kí o lè máa ru ata ni mo ṣe rán ọ níwèé? Jókòó, jàre."

Ojú ń ti Matthew, ká má purọ́. Ọkùnrin ọgbọ̀n ọdún, ìyá rẹ̀ ló ń fún un lówó gaàrí!

Ẹ̀ẹ̀mẹta ló ti lọ sí ilé búrẹ́dì kan ní Ìkàrẹ́. Adébíyìí, ọ̀gá ibẹ̀, kò lé e. "Ọ̀dọ́ bíi tìẹ ni mo fẹ́," ló wí, "àmọ́ kò sáyè. Àfi tí ẹnì kan bá kúrò."

Matthew ò sọ ibẹ̀ fún ìyá rẹ̀. Nílé wọn, wọn kì í dárúkọ iṣẹ́ tọ́wọ́ ò tíì tẹ̀, kí ayé má baà gbọ́. Ohun tó sọ ò ju pé: "Màmá, iṣẹ́ kan wà. Ẹnì kan ló dí àyè náà mọ́ mi."

"Ẹni náà á dìde!" ni Theresa dáhùn.

Ni tìyátọmọ bá gbààwẹ̀ ọjọ́ méje. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, Pásítọ̀ ní kí oníkálukú pariwo: "Ẹni tó jókòó sáyè mi, dìde!" Ohùn Theresa ló ròkè jù. Ó fẹsẹ̀ janlẹ̀ títí bàtà rẹ̀ fi já.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó tẹ̀lé e, fóònù dún. Adébíyìí ni. "Máa bọ̀ kíá. Àyè ti yọ."

Háà! Matthew kúnlẹ̀, ó sunkún. Ìyá rẹ̀ ti jáde. Matthew pinnu pé bí òun bá ti gbaṣẹ́ tán, ọjà ni òun á gbà lọ, òun á dì mọ́ ọn lójú gbogbo ènìyàn.

Adébíyìí mú un gba ẹ̀yìn, níbi tí wọ́n ti ń fọ páànù búrẹ́dì.

"Ẹni tó ń fọ̀ ọ́ ti dàgbà, ọwọ́ rẹ̀ ò yá mọ́. Láàárọ̀ yìí ni mo ní kó máa lọ. Ó ṣì ń palẹ̀ mọ́."

"Ẹ ṣeun, sà. Ọlọ́run á bùkún yín." Inú Matthew dùn débi pé kò tilẹ̀ ronú kan ẹni náà.

Obìnrin tó bẹ̀rẹ̀ sídìí ẹ̀rọ omi gbọ́ ohùn rẹ̀, ó yíjú padà, ó ní: "Matthew, ta ló sọ fún ọ pé ibí ni mo ti ń ṣiṣẹ́?"