Etí Màmá Ni Òṣùwọ̀n Àròkọ

Bí Tíṣà bá fẹ́ mọ̀ bóyá àròkọ kan dára, màmá rẹ̀ ló máa ń kà á fún. Àròkọ tó ń ṣàlàyé nǹkan ni kíláàsì rẹ̀ ń kọ, ìlànà tirẹ̀ kò sì le: ẹni tí kò mọ nǹkan náà rí gbọ́dọ̀ gbọ́ àròkọ yẹn lẹ́ẹ̀kan, kó sì lè ṣe é tàbí kó dá a mọ̀. Màmá kò pẹ́ nílé ìwé. Ohun tí kò mọ̀ pọ̀, kò sì tijú láti sọ bẹ́ẹ̀. Máàkì tí Màmá bá fún ọmọ, Tíṣà kì í yí i.

Ibi àròkọ ni Màmá ti mọ bí wọ́n ṣe ń lẹ táyà kẹ̀kẹ́ tó jò. Ọjọ́ tó gbọ́ ọ náà ló lọ lẹ ti télọ̀ tó wà lódìkejì, bẹ́ẹ̀ télọ̀ ò bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́ kankan.

Sátidé yìí, ọ̀rọ̀ náà lágbára díẹ̀. Àròkọ kan ṣoṣo ni yóò ṣojú ilé ìwé níbi ìdíje, ọ̀gá àgbà sì ń retí orúkọ ẹni tó kọ ọ́ láàárọ̀ Mọ́ńdè. Ó ti ku méjì. Ọ̀kan jẹ́ ti ọmọkùnrin tí wọ́n ń pè ní Ọ̀jọ̀gbọ́n, tí wọ́n máa ń pàtẹ́wọ́ fún kó tó la ẹnu. Èkejì jẹ́ ti ọmọbìnrin tí wọ́n ń pè ní Wúyẹ́wúyẹ́, nítorí pé ohùn rẹ̀ kì í kọjá orí tábìlì tó jókòó sí. Láti ọjọ́ tó ti wọ ilé ìwé náà, wọn ò tíì fi ohun rere kan pe orúkọ rẹ̀ lórí ìlà tí wọ́n ń tò láàárọ̀ rí.

"Màámi, ẹ jẹ́ ká lọ sí yàrá kékeré," Tíṣà wí. "Pálọ̀ yìí gbóná, télọ̀ sì tún ti ń lọ aṣọ. Òórùn áyọ́ọ̀nù yẹn ń yọ mí lẹ́nu."

"Òórùn wo? Láti òdìkejì títì? Ṣé o ti di ajá ọdẹ ni?" Màmá gbé àwo tẹ̀ lé e. "Ẹyin rẹ rèé o. Mo dín in bó o ṣe fẹ́ ẹ."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé e kúrò níwájú mi."

"Ẹyin? Ìwọ?"

"Iṣẹ́ ló pọ̀, Màámi."

Inú yàrá kékeré ni wọ́n ń kó páálí sí. Ìwé àtijọ́ wà níbẹ̀, bàtà ọkọ Tíṣà wà níbẹ̀. Nǹkan kan tí Màmá gbé wá lọ́dún ìgbéyàwó wọn náà wà níbẹ̀, wọ́n fi aṣọ wé e, wọ́n tì í sí ògiri. Ọdún mẹ́jọ rèé, kò sẹ́ni tó ń dárúkọ rẹ̀. Tíṣà bọ́ bàtà, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láàárín páálí, ó fẹ̀yìn ti ògiri tó tutù.

Ọkọ rẹ̀, tó ń ṣe iṣẹ́ iná, yọrí lẹ́nu ọ̀nà. "Ẹ kú iṣẹ́ o! Ta ló ń borí?" Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó gbọ́wọ́ lé ìyàwó rẹ̀ léjìká.

"Má fọwọ́ kàn mí, jàre!"

Ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè. "Màmá, ẹ gbà mí o."

"Máàkì ló ń gùn ún," Màmá wí. "Wábi gbà, ọkọ ọmọ mi. Ẹyin wà nílé ìdáná."

Tíṣà kọ́kọ́ ka ti Ọ̀jọ̀gbọ́n: *Ìfòlókè Ọkọ̀ Òfuurufú.* Àwọn ọ̀rọ̀ ńláńlá ń yí gbirigbiri. Nígbà tó parí, Màmá pàtẹ́wọ́.

"Ó dùn! Ó dùn bí orin!"

"Kí ló wá ń gbé bàlúù náà dúró lókè?"

Màmá ronú gan-an. "Ọlọ́run."

Tíṣà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Méjìlá nínú ogún ni Màmá fún Ọ̀jọ̀gbọ́n, Tíṣà sì kọ ọ́ sílẹ̀. "Inú ọ̀gá àgbà ò ní dùn."

"Kí òun náà wá sọ ohun tó gbé e dúró."

Tíṣà yán. Ó mú ègé ṣọ́ọ̀kì kan nínú báàgì, ó ń fi eyín họ ọ́ bó ṣe ń wá ìwé kejì.

"Mo tọ́ tíṣà o," Màmá wí, "ṣùgbọ́n n ò fi ṣọ́ọ̀kì bọ́ ọ."

*Bí A Ṣe Ń Mọ Ológbò Tó Lóyún* ni àkọlé ti Wúyẹ́wúyẹ́. Ìlà rẹ̀ wọ́. Tíṣà ka àkọlé, ó ka gbólóhùn kan, oorun sì gbé e lọ pẹ̀lú ìwé náà láyà.

Màmá rọra yọ ọ́. Ó gbé awò ojú rẹ̀ wọ̀, ó fi ìka tọ́ka sí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan. Kò sí èyí tó há a lọ́fun.

*Yóò kọ oúnjẹ tó fẹ́ràn jù,* ọmọ náà kọ. *Yóò máa gbọ́ òórùn tí ẹlòmíì ò gbọ́. Yóò máa lá ògiri. Yóò kanra mọ́ akọ tí wọ́n jọ ń ṣeré. Yóò wá kọ̀rọ̀ tó tutù láàárín ẹrù, yóò sì máa sùn lọ́sàn-án gangan. Má pariwo lé e lórí. Ológbò náà fúnra rẹ̀ lè má tíì mọ̀.*

Màmá bọ́ awò ojú, ó nu ún, ó tún un kà. Lẹ́yìn náà ló mú bírò pupa lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀, ó sì kọ ogún nínú ogún gàdàgbà sórí ìwé Wúyẹ́wúyẹ́.

Kò sí ológbò nílé náà: Màmá tú aṣọ tí wọ́n fi wé nǹkan ara ògiri, ó fi nu eruku ọdún mẹ́jọ kúrò lára ibùsùn ọmọ ọwọ́ náà, ó sì jókòó tì í jẹ́ẹ́, ó ń dúró kí ìyá ọmọ jí.