Ládòkun Tó Fi Sinimá Gbẹ̀san

Ládòkun ará Ṣakí mọ eré ṣe, ṣùgbọ́n kò mọ bí a ṣe ń dárí ji ni. Ẹni tó bá ṣẹ̀ ẹ́, bó pẹ́ bó yá, yóò san án. Ìwà yìí ló ba tirẹ̀ jẹ́.

Olùdarí sinimá ni, kò sì sẹ́ni tó ń ṣe fíìmù bíi tirẹ̀ ní gbogbo Òkè-Ògùn. Ìgbà ọyẹ́ ló máa ń ya eré, nígbà tí kùrukùru bá bo àpáta, tí igi oṣè bá ti wọ́wé tán tó sì ku ẹ̀ka bí ìka arúgbó. Á fi ẹfun kun ojú àwọn òṣèré, á fi tìróò yí ẹyinjú wọn ká títí yóò fi jin bí ihò. Aṣọ dúdú àti funfun ni wọ́n máa ń wọ̀, inú ilé gíga tó wọ́ ni wọ́n sì máa ń gbé. Bí èèyàn bá rí àwòrán kan péré, á ti mọ ẹni tó ni ín. Ìtàn rẹ̀ náà ní ọ̀nà tó ń tọ̀. Ẹni tó ń dẹ́rù bani, tí gbogbo ìlú ń sá fún, òun la ó rí níkẹyìn pé kò ṣẹ̀. Àwọn aládùúgbò tó múra dáadáa ló ṣekú pa á. Àwọn òǹwòran a máa sunkún nítorí òkú.

Mujeebat, ọmọbìnrin gíga kan láti Okaka, ló máa ń ṣe òkú ìyàwó nínú àwọn eré náà. Lọ́jọ́ kan, Ládòkun ní kó dúró sí ṣóńṣó àpáta, kí atẹ́gùn ọyẹ́ máa fẹ́ aṣọ ìgbéyàwó rẹ̀. Mujeebat ní àpáta náà ń yọ̀. Ládòkun ní kó dúró síbẹ̀. Ọmọ náà já bọ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ kán. Ó ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n gbé òun, ṣùgbọ́n Ládòkun sọ fún Ọlágòkè, oníkámẹ́rà rẹ̀, pé kó máa yà á lọ, nítorí òṣèré kan kò lè díbọ́n irú ìrora bẹ́ẹ̀. Oòrùn ti ń wọ̀ kí wọ́n tó gbé e dé ọsibítù. Ẹsẹ̀ náà jinná, ṣùgbọ́n ó wọ́. Títí dòní ni Mujeebat ń tiro.

Kò bá Ládòkun ṣiṣẹ́ mọ́. Ó lọ dara pọ̀ mọ́ àwọn òṣèré kan ní Ìsẹ́yìn. Ohun tó yẹ kó ti Ládòkun lójú ló wá sọ di ẹ̀sùn: ó ní òun ló sọ ọ́ di èèyàn, ó sì dalẹ̀ òun. Ọlágòkè bẹ̀ ẹ́ kó fi í sílẹ̀.

“Ọ̀gá, àwa la ṣẹ̀ ẹ́,” ló wí.

“Yóò mọ̀ pé èmi ni mo ní ojú tí ayé fi ń wò ó,” Ládòkun dáhùn.

Ẹni tó yàgbẹ́ ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Ládòkun ti gbàgbé àpáta. Ó ṣe eré tuntun, ó fi obìnrin gíga kan sínú rẹ̀ tó ń tiro, tó ń jí ọmọ ọlọ́mọ pa jẹ. Ó ní kí ẹni tó ṣe é kọ́ ìrìn Mujeebat àti ohùn rẹ̀. Ó tilẹ̀ ya ilé ìyá Mujeebat ní Okaka láti òdìkejì títì. Lọ́tẹ̀ yìí, kò ṣàánú ẹni tí ìlú ń sá fún. Wọ́n dáná sun obìnrin náà, eré parí.

Orí fóònù ni eré náà kọ́kọ́ gbà tàn, ó sì ta Mujeebat bí àkekèé. Àwọn ọmọdé ń tiro tẹ̀ lé e. Àwọn abiyamọ ń fa ọmọ wọn mọ́ra bó bá ń kọjá. Tàjúdéènì ará Ìwéré-Ilé, tí wọ́n ti jọ dá ọjọ́ yìgì, ránṣẹ́ pé àwọn òbí òun ní kí òun dúró ná. Mujeebat kò sunkún lójú ẹnikẹ́ni. Ó ń dúró de Ládòkun.

Lọ́jọ́ tí Ládòkun fi eré náà han ìlú ní gbọ̀ngàn kan ní Ṣakí, èrò kún. Eré parí, kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́. Ìyá àgbàlagbà kan, tí kò sí eré Ládòkun tí kò tíì wò, ló kọ́kọ́ la ẹnu.

“Ládòkun, kí ni wọ́n ṣe fún obìnrin yìí kó tó burú tó báyìí? Ìwọ lo kọ́ wa ká máa béèrè.”

Mujeebat bá dìde lórí ìjókòó ẹ̀yìn nínú gbọ̀ngàn, ó tiro bọ̀ níwájú, kò sì kánjú.

“Ẹsẹ̀ tí ẹ rí nínú eré yìí, ẹsẹ̀ mi ni,” ó wí. “Ẹ bi Bọ̀dá Ládòkun ibi tí mo ti rí i.”

Ládòkun ní eré lásán ni. Ṣùgbọ́n bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ ń bá a. Ọlágòkè dìde lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀gá rẹ̀, ó sọ gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ lórí àpáta. Ó ní ọmọ náà ń ké, òun náà ò sì gbé kámẹ́rà sílẹ̀. Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í jáde lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí wọ́n ṣe ń kọjá lọ́dọ̀ Ládòkun ni wọ́n ń wò ó bí wọ́n ṣe máa ń wo àwọn apànìyàn inú eré rẹ̀.

Láti ìgbà náà, kò sí òṣèré tó gbà láti bá a ṣiṣẹ́ mọ́. Bó bá gbé kámẹ́rà dé Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí, wọ́n á tilẹ̀kùn. Bó dé Okaka, wọ́n á lé e. Nígbà tí ìyà jẹ ẹ́ dé góńgó, ó kó àwọn àgbà lẹ́yìn lọ bẹ Mujeebat. Ó dọ̀bálẹ̀ nínú oòrùn. Mujeebat kò ní kó dìde, kò sì bu omi fún un.

“Nígbà tí mo ń bẹ̀ yín, ẹ ní kí wọ́n máa yà mí lọ,” ó wí. “Ẹ máa bẹ̀ lọ. Mò ń wò yín.”

Ó wọlé. Nígbà tí àwọn ará ilé Tàjúdéènì náà padà wá, kò ṣílẹ̀kùn fún wọn. Ó padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀ ní Ìsẹ́yìn.

Ládòkun ń ya fídíò ìgbéyàwó kiri báyìí, níbi tí wọn ò bá ti mọ̀ ọ́n. Bí ẹnì kan bá sì ti dárúkọ rẹ̀, ìyàwó á fi ìbòrí bojú, á ní kí wọ́n wá ẹlòmíràn.

Ẹ̀yin tí ẹ gbọ́ èyí, ẹ fi kọ́gbọ́n. Bí ẹ bá ṣẹ èèyàn, ẹ tètè bẹ̀bẹ̀. Ẹ má ṣe sọ ẹni tí ẹ ṣẹ̀ di ọ̀tá. Ẹ̀bùn tí Ọlọ́run fún wa, ká má fi ba ọmọ ẹlòmíràn lórúkọ jẹ́, nítorí ẹni tó bá da eérú ni eérú ń tọ̀. Ẹ má sì gbọ́kàn lé e pé gbogbo ẹni tí ẹ bá ṣe níkà ni yóò dárí jì yín. Ẹlòmíràn kò ní ṣe é, kò sì sẹ́ni tó lè bá a wí.