Agbábọ́ọ̀lù Tó Ń Díbọ́n

Ọkọ mi gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún lé orí àpótí, ó ń bá tẹlifíṣọ̀n jà.

Agbábọ́ọ̀lù kan ti ṣubú, ó ń yí gbirigbiri nílẹ̀.

"Wo ojú ẹ̀. Ó kàn ń díbọ́n ni. Ọ̀lẹ."

Mo dáhùn láti ìdáná pé ó lè máa dùn ún lóòótọ́.

"Kí ló ń dùn ún? Ká ní èmi ni rẹfirí, ilé ni ǹ bá lé e lọ."

Bí mo ṣe ń wọ pálọ̀, bọ́ọ̀lù wọlé.

Ọkọ mi fò dìde, ó ń sáré yí àga po.

Mo rọra gbé garawa omi ìwẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ kẹta rèé tó ní òun ò lè fẹsẹ̀ tẹlẹ̀, tí mò ń wẹ̀ fún un bí ọmọ tuntun.

Ó rí mi, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹsẹ̀ òsì tiro.

"Bàbá àwọn ọmọ, ẹsẹ̀ ọ̀tún lẹ sọ pé ó ń dùn yín."