Orúkọ Tó Wà Lókè

Aago márùn-ún ààbọ̀ ìdájí ni eré ìdárayá máa ń bẹ̀rẹ̀ ní gbọ̀ngàn etí òkun ní ìlú Ulladulla, ṣùgbọ́n ṣáájú ìgbà náà ni Narelle ti máa ń jókòó sínú mọ́tò rẹ̀, tí á máa ṣọ́ ìgbà tí Kerryn máa dé.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni ìdíje náà. Obìnrin kọ̀ọ̀kan de bẹ́líìtì rọ́bà kan mọ́ àyà lábẹ́ aṣọ. Bẹ́líìtì náà ń ka bí ọkàn ṣe ń lù, ó sì ń gbé e lọ sójú tẹlifíṣọ̀n ńlá tó wà lára ògiri: orúkọ, nọ́ńbà tó ń sọ ìdá mélòó nínú ọgọ́rùn-ún agbára rẹ̀ ni ọkàn ń lò, àwọ̀; ẹni tí nọ́ńbà rẹ̀ bá ga jù ló máa ń wà lókè. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ àṣekára, pupa ni tirẹ̀. Ẹni tó ń rọra ṣe é, àwọ̀ ewé. Ọjọ́ kan náà ni Narelle àti Kerryn forúkọ sílẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́tàléláàádọ́ta ni àwọn méjèèjì. Tamsin, olùkọ́ wọn, kó bẹ́líìtì méjì jáde fún wọn nínú páálí, bó ṣe ń tẹ orúkọ kọ̀ọ̀kan mọ́ bẹ́líìtì rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà ló ń bi wọ́n nípa orúnkún àti ẹ̀yìn dídùn, wọ́n jọ ń rẹ́rìn-ín.

Láti ọjọ́ náà ni Kerryn ti wà lókè.

Dókítà ló ní kí Narelle wá. Nǹkan oṣù rẹ̀ ti dá, egungun rẹ̀ sì ti ń fúyẹ́. Trev, ọkọ rẹ̀, ní kó kúkú máa bá òun àti ajá rìn létí òkun.

"Fífò sókè fò sílẹ̀ kì í ṣe tìrẹ mọ́, ìyàwó mi. Ara tó bá ti gbó ti gbó."

Narelle ní bí òun ò bá borí Kerryn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tó pé, òun á gbà pé òótọ́ ló sọ, òun á sì máa bá ajá lọ.

Ó ra irú bàtà tí Kerryn ń wọ̀. Ó gbọ́ pé ẹyin ni Kerryn ń jẹ láàárọ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹyin. Iwájú pátápátá ló máa ń dúró sí, ó kọjú sí ògiri. Ẹ̀yìn ni Kerryn máa ń wà, nítòsí ilé ìtọ̀.

"Bí mo bá fò lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, ìtọ̀ á bá mi fò," ni Kerryn máa ń wí, gbogbo wọn á sì bú sẹ́rìn-ín.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, Narelle ń fò sórí àpótí títí òòyì fi ń kọ́ ọ. Bó ṣe ń tẹra mọ́ ọn ni nọ́ńbà Kerryn ń gòkè. Narelle bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti so okùn bàtà rẹ̀, ó mí kanlẹ̀. Nígbà tó gbójú sókè, nọ́ńbà Kerryn ti wálẹ̀.

"Ó tún ń dúró dè mí," ni Narelle wí sínú. "Ó ń fi mí ṣẹ̀sín."

Lẹ́yìn eré ọjọ́ náà, gbogbo wọn jọ mu kọfí.

"Kerryn, kí ni àṣírí rẹ gan-an?"

"Àṣírí wo? Díẹ̀ ló kù kí n sùn lọ lórí ẹ̀rọ tí à ń fà bí ẹni ń tukọ̀ yẹn lónìí."

"Irọ́ ń pa ọ́."

"Ó lè jẹ́ ẹ̀rù ìtọ̀ ló ń mú ọkàn mi sáré."

Narelle náà bá wọn rẹ́rìn-ín. Kò mu kọfí rẹ̀ tán.

Ọjọ́ Ẹtì tó kẹ́yìn pé. Tamsin pàtẹ́wọ́. "Ẹ̀yin ìyá wa, ogójì ìṣẹ́jú péré ló kù kí ẹ bọ́ lọ́wọ́ mi. Ẹni tó bá fẹ́ kú, kó jọ̀ọ́ dúró dìgbà tí a bá parí."

Narelle kò fi nǹkan kan pamọ́. Ó na okùn ńlá mọ́lẹ̀, ó gbé irin, ó fo àpótí, ẹ̀jẹ̀ ń lù kì-kì-kì létí rẹ̀. Nígbà tí agogo dún, ó gbójú sókè. Kerryn, méjìdínlọ́gọ́rùn-ún, ó pọ́n wẹ̀ẹ̀. Narelle, mọ́kànléláàádọ́rin, àwọ̀ ewé.

"Kerryn ni o," ni Tamsin wí. "Ẹ pàtẹ́wọ́ fún un."

Kerryn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ti ilé ìtọ̀ jáde ni, ó ń nu ọwọ́ rẹ̀.

"Èmi kẹ̀?"

Narelle lọ bá Tamsin. "Mi ò ní wá mọ́."

"Kí ló dé? O ń ṣe dáadáa o, Narelle."

"Àwọ̀ ewé fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà gbáko, Tamsin. Ajá wa ń dúró dè mí. Gba bẹ́líìtì rẹ."

Ó ki ọwọ́ bọ abẹ́ aṣọ, ó tú ìkọ́ bẹ́líìtì náà kúrò láyà, orúkọ Kerryn sì pòórá lára ògiri, ó ku ti Narelle nìkan, tó ń lù wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ láyà obìnrin tó dúró lẹ́nu ilé ìtọ̀.