Òòfà Lára Ọkọ̀ Karùn-ún

Bàbá Britta kúnlẹ̀, ó ń fa òòfà kọjá lára ọkọ̀ àlòkù kan, ó sì ń gbàdúrà sínú kí Olúwa fi àléébù rẹ̀ han òun. Ní Duluth, ní Amẹ́ríkà, iyọ̀ tí wọ́n ń dà sójú títì nígbà òtútù kí yìnyín lè yọ́ ti jẹ ìdí gbogbo ọkọ̀ tó bá ti pé ọdún mẹ́wàá. Èyí kò dípẹtà rárá, ara sì fu ú.

"Ẹ fi nǹkan dí ihò, ẹ wá kùn ún lọ́dà," ó sọ fún obìnrin tó ni ọkọ̀.

"Ọ̀gá, ọkọ̀ lẹ wá rà, àbí ọ̀daràn lẹ wá mú?"

Òòfà já bọ́ lára ilẹ̀kùn.

"Ẹ rí i? Kì í ṣe irin nìyẹn. Britta, ó yá, ká máa lọ."

Ọmọ rẹ̀ ò mira. Sátidé ló máa wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì ní Fargo, ìlú tó jìn sílé, ọkọ̀ karùn-ún tí bàbá rẹ̀ kọ̀ sì rèé. Ó mú òòfà náà nílẹ̀, ó gbé e sí ojú ibẹ̀ gan-an. Ó lẹ̀ típẹ́típẹ́.

"Dádì, ẹ̀yin lẹ jù ú sílẹ̀."

Obìnrin náà wo bàbá Britta títí.

"Èmi náà ò jẹ́ kí ọmọ tèmi ra ọkọ̀," ó wí jẹ́jẹ́. "Ó wọ bọ́ọ̀sì lọ. Ọdún kẹta rèé, kò tíì wálé ṣe Kérésìmesì."

Bàbá dìde, ó gbọn eruku orúnkún rẹ̀.

"Tí wọ́n bá rọ epo kún un ní Fargo," ó béèrè, "ṣé ó máa gbé Britta délé?"