Ọwọ́ Ọ̀tún

Bàbá aláṣọ ti di ọrùn jìtá ọmọ rẹ̀ mú kí àwọn ẹgbẹ́ olórin ọmọ náà tó kí i káàbọ̀ sínú yàrá wọn. Àná ni wọ́n sin Sùfíyánù ọmọ rẹ̀, tó ń kọ ìtàn nípa ìlú orí òṣùpá tí kò lọ́ba tí kò sì lọ́lọ́pàá, tó sì ń fi jìtá kọ ọ́ lórin kiri Niamey. Ọ̀nà ibi tó ti fẹ́ lọ kọrin ni mọ́tò ti pa á.

"Mo fẹ́ lọ fọ́ ọ ni," ni Bàbá wí.

"A kò ní olórí níbí, Bàbá," ni Hàfísátù, tí òun àti Sùfíyánù jọ ń kọrin, dáhùn. "Bí gbogbo wa bá nawọ́ sókè pé a gbà, ẹ máa gbé e lọ."

"Ẹ̀yin tí ẹ ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni jọba, ẹ wá fẹ́ jọba lé jìtá ọmọ mi lórí?"

Àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó wà nínú yàrá nawọ́. Bàbá kọjú sí ẹnu ọ̀nà.

"Ó ku ọwọ́ yín, Bàbá," ni Hàfísátù wí.

"Èmi kì í ṣe ara yín."

"Ọwọ́ méjèèjì ni Sùfí máa ń nà. Òsì ni tirẹ̀, ọ̀tún ni tiyín. Orin kan wà tó fẹ́ràn ju gbogbo rẹ̀ lọ. A bẹ̀ ẹ́ títí pé ká kọ ọ́, òsì nìkan ló ń nà. Á ní, 'Bàbá mi ò tíì gbà.'"

Bàbá gbé jìtá sílẹ̀, ó jókòó. Ó na ọwọ́ ọ̀tún sókè.

"Mo gbà. Ẹ kọ ọ́ kí n gbọ́."

Wọ́n wo ara wọn.

"Òun nìkan ló mọ̀ ọ́n, Bàbá," ni Hàfísátù wí. "Ó ní òun ò ní kọ́ wa àfi tí ẹ bá gbà."

Ọwọ́ bàbá náà ṣì wà lókè.