Orúkọ Tí Mummy Fi Wọlé

Nusaybah ń yan iṣu tó fẹ́ rà lọ́wọ́ ní ọjà Rye Lane ní London nígbà tí Mummy, ìyá ọkọ rẹ̀, pè é láti Catford.

"Ìyàwó mi, mo ti rí fọ́tò ọmọ o. Imú bàbá ẹ̀ ló gbé wá."

Nusaybah rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rù ń bà á káwọn èèyàn má lọ máa pín fọ́tò ọmọ kiri, ìdí nìyẹn tó fi kó wọn sórí website tó ní password.

Kí títẹ password má baà sú Mummy, ó ti fi í sínú link tó fi ránṣẹ́ sí wọn, pẹ̀lú orúkọ ìwọlé tóun fúnra ẹ̀ yàn fún wọn.

Ó ti kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́ wò lórí fóònù tiẹ̀ kó tó fi ránṣẹ́. Ó ṣí wẹ́rẹ́, kò fi orúkọ kankan hàn.

"Kò yọ yín lẹ́nu, Mummy?"

"Rárá. Ó kàn bi mí ní ìbéèrè kan."

Ọwọ́ Nusaybah dúró lórí iṣu. Browser tó fi ń ṣí website lórí fóònù tiẹ̀ kì í béèrè nǹkankan. Kò mọ̀ pé ti Mummy máa ń béèrè.

"Kí ló bi yín?"

"Ó ní ṣé lóòótọ́ ni mo fẹ́ fi orúkọ Ìyá Olófòófó wọlé."

Nusaybah kúnlẹ̀ láàárín Rye Lane, bí ẹni pé Mummy ń rí i.

"Mo tẹ yes. Ọmọ ni mo fẹ́ rí."